Ẹni Tí Yóò Dáṣọ fún Ni: Àlàyé lórí Àwọn Onígbọ̀wọ́ Físà Iṣẹ́ ní Ìlú Ọba

Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ wa ń wádìí nígbà tí wọ́n bá ń gbèrò àtilọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè. Wọn a bèèrè iye owó físà, wọn a bèèrè ọjọ́ tí yóò gbà kí èsì tó dé, wọn a sì máa gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ojú rere sára òṣìṣẹ́ tí yóò ka ìwé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òun gba ọmọ náà síṣẹ́, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un níwájú ìjọba, tí ó sì jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ tirẹ̀ bá yẹ̀, ti ọmọ náà yóò yẹ̀ pẹ̀lú, ẹni náà gan-an ni wọn kì í wò láwòfín. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́ pé ẹni tí yóò bá dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tí mò ń sọ yìí, mo sì gbà tọkàntọkàn pé púpọ̀ nínú àṣìṣe tí ń ba físà iṣẹ́ jẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù rárá. Ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Nǹkan kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ọdún 1962, ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ lè wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol ní Èkó Àkéte ìlú ọgbọ́n, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Liverpool láìgba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọmọ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ni, òfin ìgbà náà kò sì kà á sí àlejò. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1962 lórí àwọn ará Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà: láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ ní láti gba ìwé lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìwé náà sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta, A fún ẹni tí agbanisíṣẹ́ kan ti ń dúró dè, B fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí ilẹ̀ náà ń fẹ́, C fún ẹni tí kò ní èkíní tí kò sì ní èkejì. Òfin ọdún 1971, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, tún fún okùn náà pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ní gbogbo àkókò wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń yẹ iṣẹ́ wò, tí ó ń yẹ ẹni tí yóò ṣe é wò, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọba gbé ètò kíka máàkì kalẹ̀, ó sì sọ ẹrù ńlá kan kúrò lórí ara rẹ̀, ó gbé e ka orí agbanisíṣẹ́. Láti ìgbà náà wá, agbanisíṣẹ́ tí ó ti gba ìwé àṣẹ ni ó ń sọ fún ìjọba pé iṣẹ́ wà, pé owó rẹ̀ tó báyìí, àti pé lágbájá ọmọ lágbájá ni òun rí pé ó tó o ṣe. Ìjọba a sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ títí di ìgbà tí ó bá rí ìdí tí kò fi yẹ kí a gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n sọ físà náà ní Skilled Worker, èyí tí ó wà títí di òní, wọ́n sì ti tún ẹ̀ka òfin rẹ̀ ṣe lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ọdún 2008 yìí kò yẹ̀. Àádọ́rin máàkì ni olùbéèrè ní láti ní. Ìgbọ̀wọ́ gba 20, ipò iṣẹ́ náà gba 20, owó oṣù gba 20, ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gba 10. Kí òǹkàwé fi ara balẹ̀ wo ìṣirò yìí dáadáa: nínú 70, máàkì 10 péré ni ó jẹ́ ti olùbéèrè nìkan, 60 tí ó kù, lórí ohun tí onígbọ̀wọ́ bá kọ ni ó dúró lé.

Ìdí nìyí tí ìjọba fi di ẹrù òfin ru onígbọ̀wọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ di onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun wà lóòótọ́, pé òun ń ṣòwò lọ́nà tí ó bófin mu ní ilẹ̀ náà, kí ó sì yan ènìyàn tí yóò máa dáhùn fún un lọ́dọ̀ Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọlé àlejò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì lè yọjú sí i nígbàkígbà láti wo ìwé àti ibi iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ tí ó gbọ̀wọ́ fún kò bá yọjú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ dópin kí ọjọ́ tó pé, onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàrin ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Bí ó bá ṣe dáadáa, ipò A ni ó wà. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ, wọn a fà á wálẹ̀ sí ipò B, kò sì ní lè gbọ̀wọ́ fún ẹni tuntun títí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ó bá ré kọjá ààlà, wọn a gba ìwé àṣẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé àkójọ kan tí ìjọba ń gbé sórí ìkànnì rẹ̀, GOV.UK, tí ó sì ń tún ṣe lemọ́lemọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè kà á láti Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé tàbí láti abẹ́ Olúmọ, kò sì sí ohun tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ tó pé ènìyàn yóò ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí ilé-iṣẹ́ kan tí kò tí ì fi ìṣẹ́jú kan wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kíkà nìkan kò tó, kí a mọ bí a ṣe ń kà á ló ṣòro díẹ̀. Ìwé náà ń sọ orúkọ ilé-iṣẹ́, ìlú tí ó wà, ipò rẹ̀, àti irú físà tí a fún un láṣẹ láti gbọ̀wọ́ fún. Ilé-iṣẹ́ mìíràn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìgbọ̀wọ́ àwọn òṣèré tàbí ti àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run nìkan ni wọ́n fún un, kò sì lè gbọ̀wọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà. Àwọn gbájú-ẹ̀ pẹ̀lú mọ ìwé yìí. Wọn a mú orúkọ ilé-iṣẹ́ rere láti inú rẹ̀, wọn a fi kọ lẹ́tà, wọn a sì fi nọ́ńbà fóònù tiwọn sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde fún gbogbo ayé ni kí a pè, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú lẹ́tà. Kí a tún lọ sí Companies House, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ náà ti ń forúkọ sílẹ̀, kí a wo ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn tí ó ni ín, àti ìṣirò owó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní àná tí kò ní kọ́bọ̀ lápò, tí ó sì ní òun ń wá ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìrònú.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó kò rí ènìyàn gbà síṣẹ́ mọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun. Àwọn ọmọ wa, àti àwọn ọmọ Síḿbábúwè, Gánà àti Íńdíà, rọ́ lọ. Àwọn onígbọ̀wọ́ rere pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà wọ́n síṣẹ́, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bi àwọn aṣebi bo oore wọn mọ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn ìkookò wọlé pẹ̀lú. David Neal, tí ó jẹ́ olùyẹ̀wò àgbà lórí iṣẹ́ ẹnubodè àti ìwọlé àlejò ní ilẹ̀ náà nígbà náà, kọ ìròyìn kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024, ohun tí ó bá pàdé sì ṣeni ní kàyéfì: Home Office ti fún ilé ìtọ́jú kan tí kò sí níbì kankan láyé ní àyè ìgbọ̀wọ́ fún ènìyàn 275, ó sì ti fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni òun ní, ní 1,234. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan nọ́ńbà wọ̀nyí, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara kan wà, tí ó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nílé, tí ó ti jẹ gbèsè, tí ó sì ti fi ẹkún dágbére fún ìyá rẹ̀.

CoS (Certificate of Sponsorship) ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́ tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ sí. Kì í ṣe bébà. Àkọsílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìjọba ni, tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ó sì ń sọ iṣẹ́, ibi iṣẹ́, wákàtí, owó àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí ó wà ní òkè òkun, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lọ́wọ́ Home Office kí ó tó lè fún ẹni náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún un, oṣù mẹ́ta ni ó ní láti fi béèrè físà, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ti ń ṣubú, àní lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ tí kò ní ẹ̀tàn nínú, nítorí pé wọ́n gba nọ́ńbà náà tán, wọn kò sì bèèrè ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Olúkúlùkù iṣẹ́ ni ó ní kóòdù tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ kóòdù ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa jókòó ti ìwé owó, tàbí tí owó inú CoS yàtọ̀ sí owó inú ìwé àdéhùn iṣẹ́, òṣìṣẹ́ físà lè sọ pé òun kò gbà pé iṣẹ́ náà wà ní tòótọ́, ó sì lè kọ ìwé náà. Kí olùbéèrè gba ẹ̀dà CoS náà ní kíkún, kí ó fi wé ìwé àdéhùn, kí ó fi wé ìwé ìrìnnà rẹ̀ lẹ́tà kan sí èkejì, kí ó tó san kọ́bọ̀ kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, mo fẹ́ kí ó yé tọmọdé tàgbà. Owó físà, àyẹ̀wò ikọ́ ife, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti owó ìlera tí ó jẹ́ £1,035 lọ́dọọdún fún àgbàlagbà, olùbéèrè ni òfin ní kí ó san wọ́n, bí agbanisíṣẹ́ kò bá fúnra rẹ̀ gbà láti san án fún un. Àwọn tí ó gba físà Health and Care kì í san owó ìlera. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ nítorí pé ó mú òṣìṣẹ́ wá láti òkè òkun, agbanisíṣẹ́ ni yóò san án, kò sì gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lọ́nàkọnà. Láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2024, bákan náà ni ó rí fún owó ìwé àṣẹ àti owó CoS. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní kí o san mílíọ̀nù náírà kí òun tó fún ọ ní CoS, ohun tí òfin kò fún un láyè láti tà ni ó ń tà fún ọ, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó, bó ti wù kí ó jẹ́ ọmọ ìyá ẹgbẹ́ rẹ nínú ìjọ. Ohun tí ó dùn mí wọra ni pé àwọn tí ń ṣe irú òwò yìí, ọmọ ilẹ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn, èdè wa ni wọ́n sì fi ń tan ènìyàn.

Ajẹ́ńtì rere wà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá fẹ́ máa kó òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, tí kò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, máa gba owó fún ìmọ̀ràn lórí físà. Kí a bèèrè ìwé wọ̀nyí láìtijú. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà wa tún ní àmì kan tí àwọn yòókù kò ní: Nàìjíríà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kà léèwọ̀ pé kí àwọn ilé ìwòsàn wá máa polówó iṣẹ́ láàrin wọn, nítorí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀. Ẹni tí ó fúnra rẹ̀ rí ìpolówó tí ó sì béèrè fún iṣẹ́ kò ṣẹ̀. Àmọ́ bí ẹnì kan bá wá bá ọ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo pé ilé ìwòsàn kan ní Gẹ̀ẹ́sì rán òun wá kó nọ́ọ̀sì, kí ó mọ̀ pé ojú rẹ là sílẹ̀.

Nígbà tí a bá ti yẹ ọrùn onígbọ̀wọ́ wò tán ni ó tó kan ti ara ẹni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí ẹni tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì rò pé WAEC tó ẹ̀rí. Kò tó. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin físà Ìlú Ọba kà sí ilẹ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó gboyè níbí gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Ecctis, àjọ tí ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkè òkun wò, tàbí kí ó ṣe ìdánwò tí ìjọba fọwọ́ sí. Láti ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ìpele B2 ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tuntun, B1 tí àwọn ẹ̀gbọ́n fi kọjá kò tó mọ́. Àyẹ̀wò ikọ́ ife, ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí nìkan ni a ti ń ṣe é, oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ sì ń lò. Ẹni tí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ kò bá kọ ọ́ sínú CoS pé òun yóò bọ́ ọ ní oṣù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní £1,270 ní báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra. Bí ó bá fi ọjọ́ kan lọ sílẹ̀ láàrin rẹ̀, ó ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń lọ ṣiṣẹ́ ìlera, ti ìtọ́jú tàbí ti olùkọ́, ẹ̀rí ọlọ́pàá láti gbogbo ilẹ̀ tí ó ti gbé tó oṣù méjìlá láàrin ọdún mẹ́wàá ni yóò mú wá, ẹni tí ó ti ṣe àtìpó ní Dubai tàbí ní Gúúsù Áfíríkà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Olójú jíjìn, òkèèrè ni ó ti ń mẹ́kún sun.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà, èyí tí ó jẹ́ ti àwa Yorùbá ní pàtàkì. Orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ìsàmì, àti ti baba, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ kan lè jẹ́. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì a mú méjì níbẹ̀, báńkì a mú méjì mìíràn, ìwé ìrìnnà a sì to wọ́n lọ́nà tirẹ̀. Abilékọ a tún wá fi orúkọ ọkọ lé e. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkàwé ìwé ní ibi jíjìn kò mọ̀ pé Olúwaṣeun ni Ṣeun. Orúkọ inú ìwé ìrìnnà ni kí a fi ṣe ìdánwò, òun ni kí a fún onígbọ̀wọ́, kí ìwé ìbúra tàbí ìwé ìgbéyàwó sì ṣàlàyé èyí tí ó bá yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti kọ físà fún ènìyàn rí, kí ó sọ ọ́, nítorí wọ́n ti mọ̀. Ìwé èké tàbí irọ́ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn fún ọdún mẹ́wàá gbáko, bó tilẹ̀ jẹ́ ajẹ́ńtì ni ó pa irọ́ náà lórúkọ rẹ̀.

Àwọn tí ń fi ìròyìn àtijọ́ pawó ni mo tún ń kìlọ̀ nípa wọn. Ní ọdún 2020, £25,600 ni owó ọdún tí iṣẹ́ ní láti tó. Ó di £38,700 ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2024, ó sì di £41,700 ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, tàbí iye tí wọ́n là sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ náà bí ìyẹn bá jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan àti ti àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kéré sí i. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n gbé ipò iṣẹ́ ga dé ti ẹni tí ó gboyè, àyàfi àwọn iṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ti ọ̀nà olùtọ́jú arúgbó pa mọ́ ẹni tí ó wà ní òkè òkun. Ẹni tí ó bá ń ta CoS olùtọ́jú fún ẹni tí ó wà ní Ìkejà lẹ́yìn ọjọ́ náà, ohun tí kò sí mọ́ ni ó ń tà.

Bí wọ́n bá kọ físà, kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kóòtù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní òkè òkun ní ọjọ́ 28 láti bèèrè pé kí wọ́n tún ìwé náà yẹ̀ wò bí ó bá rí i pé òṣìṣẹ́ ṣi òfin lò.

Ti ẹni tí ó ti dé ọ̀hún tí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ sì ṣubú ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Nígbà tí ìjọba bá gba ìwé àṣẹ padà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni lẹ́tà yóò tọ̀ lọ, ọjọ́ 60 ni ó sì sábà máa ń ní láti rí onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ wálé. Ó gbọ́dọ̀ gba CoS tuntun, kí ó tún béèrè, kí wọ́n sì dáhùn kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tuntun náà. Àwọn olùtọ́jú tí ó ti wà ní ilẹ̀ náà ṣì ní àyè láti yí onígbọ̀wọ́ padà títí di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2028. Láti ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2025 sì ni ìjọba ti pàṣẹ fún àwọn ilé ìtọ́jú ní England pé láàrin irú àwọn olùtọ́jú tí onígbọ̀wọ́ wọn ti ṣubú báyìí ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́; àwọn àjọ kan sì wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú òṣìṣẹ́ mọ agbanisíṣẹ́ tuntun. Kí ẹni tí ó bá ti gbọ́ pé ìwádìí wọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí àjọ ẹkùn tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó kó ìwé owó oṣù àti ìwé àdéhùn rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ó má sì dúró di ìgbà tí lẹ́tà ọlọ́jọ́ 60 náà bá dé.